Ìgbà wo gan-an ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà di ogun ìtúsílẹ̀ ẹrú?

Olùkọ́ Ìtàn, Kàbà:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Kàbà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìtàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a dé orí ogun abẹ́lé tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ara wọn jà láti ọdún 1861 títí di 1865. Mo to àwọn ìjà náà lẹ́sẹẹsẹ sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é: Fort Sumter, Bull Run, Antietam, Gettysburg, Vicksburg, Atlanta, Appomattox. Mo kọ orúkọ Grant tó jẹ́ ọ̀gágun Àríwá àti ti Lee tó jẹ́ ọ̀gágun Gúúsù, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé Ààrẹ Abraham Lincoln kéde ìtúsílẹ̀ àwọn ẹrú ní ọjọ́ kìíní ọdún 1863.

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn dìde. Ìyá àgbà rẹ̀ ti sọ ìtàn ogun Tápà fún un bí òun náà ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀: bí àwọn ará Bùnú ṣe ń sá gun orí òkè nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Bídà bá ń bọ̀, àti bí ẹni tí wọ́n bá kó lọ kì í ṣeé padà rí. Ó bi mí pé: «Sà, bó bá jẹ́ pé nítorí àwọn ẹrú ni wọ́n ṣe ń jà, kí ló dé tó fi tó ọdún méjì kí ààrẹ tó sọ̀rọ̀? Àwọn ẹrú fúnra wọn ńkọ́, níbo ni wọ́n wà ní gbogbo àkókò yẹn?»

Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn, nítorí pé nígbà tí mo wo ojú pátákó, n kò rí orúkọ ẹrú kan ṣoṣo níbẹ̀. Ohun mìíràn tó tún ń dà mí láàmú ni pé ìkéde ọdún 1863 yẹn kò kan àwọn ẹrú tó wà ní Kentucky, Missouri, Maryland àti Delaware, bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́ ìjọba Lincoln ni ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn yìí jù mí lọ, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe rò pé kí n tún un sọ fún wọn?

Bàbá Ìsánlú:

Okun o, àbúrò mi. Ọmọ yẹn káre, kí o bá mi kí i. Ìtàn ni èmi náà kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mú kí olùkọ́ tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ tò.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ni ìdí tí Gúúsù fi yapa àti ìdí tí Àríwá fi gbé ìbọn, torí pé ìdí méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà ní ọdún 1861. (Kí àwọn ọmọ má fi Àríwá àti Gúúsù ilẹ̀ Nàìjíríà wò ó o. Lọ́hùn-ún, Gúúsù ni ilẹ̀ òwú àti oko ẹrú, Àríwá sì ni ibi tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí.) Gúúsù kò fi ìdí tirẹ̀ pa mọ́ rárá. Nígbà tí Lincoln wọlé ìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún 1860, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí ni pé àwọn kò ní jẹ́ kí oko ẹrú tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Kò sọ pé òun yóò gba ẹrú lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in. Síbẹ̀síbẹ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, South Carolina kéde pé òun ti kúrò nínú ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè náà, ìpínlẹ̀ mẹ́fà mìíràn sì tẹ̀lé e kí Lincoln tó gorí àléfà ní oṣù Kẹta ọdún 1861. Mississippi kọ ọ́ sínú ìwé ìyapa tirẹ̀ pé òun àti oko ẹrú kò ṣeé yà. Alexander Stephens, ẹni tó jẹ́ igbákejì Ààrẹ Jefferson Davis nínú ìjọba tuntun tí Gúúsù dá sílẹ̀ náà, dìde ní Savannah ní oṣù Kẹta kan náà, ó ní òkúta igun ilé ìjọba àwọn ni pé aláwọ̀ dúdú kò bá aláwọ̀ funfun dọ́gba, àti pé ipò ẹrú ni ó tọ́ sí i. Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 1860, àwọn tó wà nínú ìgbèkùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin.

Ti Àríwá yàtọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1861, àwọn ọmọ ogun Gúúsù yìnbọn lu odi Fort Sumter tó wà lẹ́nu omi Charleston, Lincoln sì pe 75,000 ọmọ ogun láti pa ọ̀tẹ̀ náà. Nítorí ìpè yìí, ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn, tí Virginia jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn tó yapa, àwọn tó yapa sì di mọ́kànlá. Àwọn mẹ́rin tí o dárúkọ nínú ìbéèrè rẹ ni wọ́n ní ẹrú ṣùgbọ́n tí wọn kò lọ. Wo ibi tí Washington wà lórí àwòrán ilẹ̀: àárín Maryland àti Virginia ni. Bí Maryland bá lọ, olú-ìlú Lincoln di ìlú tí ọ̀tá yí ká. Bí Kentucky bá lọ, etí odò Ohio ni ọ̀tá máa dúró sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ní ọdún àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó bá bi Lincoln léèrè ni ó ń dá lóhùn pé ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè ni òun ń jà fún.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú kò dúró de ẹnikẹ́ni, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ nígbà mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1861, nígbà tí ogun kò tíì pé oṣù méjì, ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ odi ìbọn fún ọmọ ogun Gúúsù ní Virginia wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lóru, wọ́n sì tukọ̀ lọ sí Fort Monroe tó wà lọ́wọ́ ọmọ ogun Àríwá. Frank Baker, Shepard Mallory àti James Townsend ni orúkọ wọn. Kọ ọ́ sójú pátákó kí o tó kọ ti Grant. Ní ọjọ́ kejì, aṣojú olówó wọn dé, ó ní òfin ilẹ̀ sọ pé kí wọ́n dá wọn padà. Ọ̀gágun Benjamin Butler, tó jẹ́ agbẹjọ́rò kí ó tó di ológun, dá a lóhùn pé ẹni tó bá ti sọ pé òun kúrò ní Amẹ́ríkà kò lè máa ké gbàjarè òfin Amẹ́ríkà mọ́, àti pé bí ẹ bá pe ènìyàn ní ẹrù tí ẹ sì ń fi ẹrù náà jagun, ẹni tí ẹ ń bá jà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ́sẹ̀ lé e. Èsì yẹn kò pe ọkùnrin mẹ́ta náà ní òmìnira. Àmọ́ ìròyìn rẹ̀ tàn lóru dé àwọn oko, kí oṣù Keje sì tó parí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ ọwọ́, ti wà ní ibùdó yẹn.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá àsálà ni òfin ń tọ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí i pé wọn kò ní dá ẹrú tí Gúúsù ti fi ṣe iṣẹ́ ogun padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1862, wọ́n fòpin sí oko ẹrú nínú Washington fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, òfin mìíràn tún sọ pé ẹrú ẹnikẹ́ni tó bá ń bá ìjọba jà, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun Àríwá, ti di òmìnira. Oṣù kan náà ni Lincoln ka ìwé ìkéde tó ń kọ fún àwọn mínísítà rẹ̀, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dúró títí ọmọ ogun rẹ̀ yóò fi ṣẹ́gun níbì kan, kí aráyé má baà sọ pé ẹni tí omi ń gbé lọ ló ń pariwo. Nítorí náà, nígbà tí ó kọ lẹ́tà sí oníwèé ìròyìn Horace Greeley ní oṣù Kẹjọ, tó ní bí òun bá lè gba ìṣọ̀kan là láìdá ẹrú kankan sílẹ̀, òun yóò ṣe é, ìkéde náà ti wà nínú àpótí tábìlì rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ èyí dáadáa, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń fa lẹ́tà yẹn yọ lọ́tọ̀ láìsọ ìyókù.

Ìṣẹ́gun tí Lincoln ń dúró dè dé ní Antietam, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, bí a bá lè pe irú rẹ̀ ní ìṣẹ́gun. Nǹkan bí 23,000 ènìyàn ni ó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó sọnù láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Lee padà sí Virginia. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Lincoln kìlọ̀ fún àwọn tó yapa pé bí wọn kò bá padà kí ọdún tó yí, gbogbo ẹrú wọn yóò di òmìnira. Ohun tó fà á tí kò fi kan Kentucky àti àwọn yòókù ni pé gẹ́gẹ́ bí olórí ọmọ ogun ni ó fi gbé ìkéde náà jáde, lórí ilẹ̀ ọ̀tá nìkan ni agbára yẹn sì dé. Lórí ilẹ̀ tí kò bá a jà, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe.

Ọ̀wọ́rọ̀ létí Ọya:

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un fún olùkọ́ lórí bí ogun náà ṣe rìn, nítorí pé àwọn ọmọ yóò tún bi í léèrè ìdí tí ó fi gba ọdún mẹ́rin. Nǹkan bí mílíọ̀nù 22 ènìyàn ni ó wà lọ́dọ̀ Àríwá, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án sì wà ní Gúúsù, ó sì ju mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ nínú mẹ́sàn-án yẹn tó jẹ́ ẹrú. Àríwá ní ojú irin jù, ó ní ilé iṣẹ́ ìbọn jù, ọkọ̀ ogun ojú omi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ kò nílò láti ṣẹ́gun. Bí ó bá ti rẹ ọ̀tá, ó tó o. Gúúsù fẹ̀ gan-an, ó sì ní àwọn ọ̀gágun tó mọ iṣẹ́, pàápàá Robert Lee, tó gba àkóso ọmọ ogun Virginia ní oṣù Kẹfà ọdún 1862.

Bí a bá dúró sí Virginia nìkan, ó máa dà bíi pé Àríwá ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́: Bull Run ní ọdún 1861, Bull Run lẹ́ẹ̀kejì ní 1862, Fredericksburg ní oṣù Kejìlá, Chancellorsville ní oṣù Karùn-ún ọdún 1863. Ẹni tó bá dàgbà létí odò bíi tèmi yóò tètè rí i pé ibòmíràn ni ogun náà ti ń yí padà. Odò Mississippi ni mo ń wí. Bí Ọya ṣe rí fún wa nígbà tí ọjà gbogbo ń gba Lọ́kọ́ja kọjá ni odò yẹn ṣe rí fún wọn: ẹni tó bá di ẹnu rẹ̀ mú ti di ọ̀fun ilẹ̀ náà mú. Ní oṣù Kejì ọdún 1862, Ulysses Grant gba odi Henry àti Donelson lórí odò Tennessee àti Cumberland. Ní oṣù Kẹrin, ó jà ní Shiloh, níbi tí àwọn tó kú àti àwọn tó fara pa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 láàárín ọjọ́ méjì, oṣù yẹn kan náà sì ni àwọn ọkọ̀ ogun Àríwá tí Farragut ń darí gba New Orleans tó wà ní ìsàlẹ̀ odò. Ó wá ku Vicksburg, ìlú tó wà lórí òkè gọngọ níbi tí odò ti yí kọ́rọ́. Grant gbìyànjú títí, kò rí i wọ̀. Nígbẹ̀yìn, ó kó ọmọ ogun rẹ̀ rìn kọjá ìlú náà ní òdìkejì odò, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì sáré gba abẹ́ àwọn ìbọn ńlá kọjá lóru kí wọ́n lè gbé wọn sọdá. Ó wá gba ẹ̀yìn dé bá ìlú náà, ó sì dó tì í fún ọjọ́ 47. Àwọn ará ìlú gbẹ́ ihò sínú òkè láti máa gbé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1863, ebi mú kí Vicksburg jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ kan ṣáájú ìyẹn ni Lee fìdí rẹmi ní Gettysburg, ní Pennsylvania, lẹ́yìn ìjà ọjọ́ mẹ́ta tí nǹkan bí 51,000 ènìyàn ti kú, tí wọ́n ti fara gbọgbẹ́ tàbí tí wọ́n ti sọnù. Gettysburg ni gbogbo ayé ń dárúkọ. Ti Vicksburg ni ó pa Gúúsù sí méjì.

Nígbà tí ogun yẹn ń lọ lọ́wọ́, Dókítà Baikie, tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, ń gbé ní Lọ́kọ́ja wa níbí, ó sì ń wá òwú àti ọjà mìíràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè rà. Ní 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Àwọn ilé ìhunṣọ wọn ń kébi òwú nítorí pé ọkọ̀ ogun Àríwá ti dí etíkun Gúúsù pa. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá rí aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú, pé òwú kan náà tí àwọn ìyá wa ń ran tí wọ́n sì ń hun fún iyì ara wọn ni wọ́n ń torí rẹ̀ na ènìyàn lẹ́gba lókè òkun.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:

Mo kí gbogbo yín o. Mo ti kà á níbì kan pé owó orí ọjà àti ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ogun náà dá lé, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Gúúsù ni kò ní ẹrú rárá. Ṣé kì í ṣe pé a ń fi ojú òde òní wo ọ̀rọ̀ náà?

Bàbá Ìsánlú:

Ọmọ mi, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wọn kò ní ẹrú. Àwọn tó gbé wọn dìde ni ó ní. Ní ti ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀, wo òfin ọdún 1850 tí àwọn aṣòfin Gúúsù fúnra wọn jà fún: ó fi agbára ìjọba àpapọ̀ mú àwọn ará Àríwá láti máa bá wọn mú ẹrú tó bá sá, kódà ní ìpínlẹ̀ tí kò gba oko ẹrú láyè. Ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ àwọn ará Àríwá kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n sì kọ ìwé òfin ìjọba tuntun tiwọn ní 1861, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin kankan tí yóò gba ẹrú lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo ń sọ yìí, ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n fìdí rẹmi tán ni àlàyé mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ìyá Ìyàrá:

Okun o gbogbo ilé. Olùkọ́, ọmọ yín béèrè ibi tí àwọn ẹrú wà. Bàbá ti sọ ti àwọn tó sá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó gbé ìbọn, nítorí pé ìkéde ọdún 1863 yẹn ṣe ohun kejì tí àwọn ènìyàn kì í rántí: ó gba aláwọ̀ dúdú láàyè láti di ọmọ ogun. Kí ogun tó parí, nǹkan bí 179,000 ló ti wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀, nǹkan bí 19,000 sì wà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ó ti jẹ́ ẹrú rí. Nǹkan bí 40,000 ló kú, àìsàn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù.

Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1863, ẹgbẹ́ kẹrìnléláàádọ́ta ti Massachusetts, ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, ló ṣíwájú nínú ìkọlù sí odi Wagner nítòsí Charleston. Orí iyanrìn tóóró létí òkun ni wọ́n gbà wọ inú ìbọn. Nínú nǹkan bí 600 tó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tí ọ̀tá mú. William Carney, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Virginia, gbé àsíá nílẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń gbé e ṣubú, ìbọn bà á lọ́pọ̀ ibi, kò sì jẹ́ kí àsíá náà kan ilẹ̀. Ọ̀gágun wọn, Robert Shaw, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gúúsù jù ú sínú kòtò kan náà pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú tó kú, wọ́n rò pé àwọn fi àbùkù kàn án, bàbá rẹ̀ sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀, nítorí kò sí ibi tó níyì tó o láti sùn sí.

Síbẹ̀, dọ́là mẹ́wàá ni wọ́n ń san fún ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú lóṣù, wọ́n sì ń yọ mẹ́ta nínú rẹ̀ fún aṣọ, nígbà tí aláwọ̀ funfun ń gba mẹ́tàlá. Ẹgbẹ́ Massachusetts yìí kọ owó náà pátápátá. Wọ́n jà, wọ́n kú, wọn kò gba kọ́bọ̀, títí Ilé Aṣòfin fi dá owó wọn dọ́gba ní oṣù Kẹfà ọdún 1864. Bẹ́ẹ̀ sì ni ewu tiwọn ju ti àwọn yòókù lọ: ní Fort Pillow, ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Gúúsù pa ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ti jọ̀wọ́ ara wọn. Àwọn àgbà wa ní ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òwe yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo bá ń ka ìtàn àwọn ọkùnrin wọ̀nyí.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọbìnrin yẹn ni pé ó ju ọ̀kan lọ nínú wọn tí ọ̀nà rẹ̀ ti kan ilẹ̀ wa. Martin Delany wá sí Abẹ́òkúta ní 1859, òun àti Robert Campbell sì bá Aláké ṣe àdéhùn ilẹ̀ kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀dó sí àárín àwọn Ẹ̀gbá. Àdéhùn náà kò lọ títí. Ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, Delany padà di ẹni tó ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú jọ sínú ọmọ ogun, ní oṣù Kejì ọdún 1865 sì ni wọ́n fi í joyè májọ̀, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní irú ipò bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá ọmọ ogun tó ń jà. Campbell ní tirẹ̀ padà sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Òmíràn ni Nicholas Said, ọmọ ilẹ̀ Bọ̀nú (Borno), tí wọ́n jí gbé nígbà tó wà lọ́mọdé, tí wọ́n mú gba aṣálẹ̀ kọjá, tí wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Rọ́ṣíà. Ó di òmìnira, ó rékọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ karùndínlọ́gọ́ta ti Massachusetts ní 1863.

Olùkọ́ Ìtàn, Kàbà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọkàn mi kún nígbà tí mo ka ti Fort Wagner. Mo ti tún gbogbo ẹ̀kọ́ náà kọ. Ìbéèrè kan ló kù: nígbà tí Lee jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní Appomattox, ṣé ọjọ́ yẹn ni oko ẹrú parí?

Bàbá Ìsánlú:

Rárá o. Jẹ́ kí n gba ibi tí ó ti ṣòro jù mú un. Ní oṣù Kẹta ọdún 1864, Grant di olórí gbogbo ọmọ ogun Àríwá, ó sì dojú kọ Lee ní Virginia láìyẹ̀. Wilderness, Spotsylvania, Cold Harbor: òkú lórí òkú ni, títí ó fi lọ dó ti Petersburg ní oṣù Kẹfà. Ó rẹ àwọn ará Àríwá. Ní oṣù Kẹjọ, Lincoln fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jọ pé òun kò ní wọlé padà. Àwọn kan ń rọ̀ ọ́ pé kí ó fi ọ̀rọ̀ òmìnira sílẹ̀ kí àlàáfíà lè dé, ẹni tó sì ń bá a du ipò, McClellan, kò fi òmìnira ẹrú ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú àlàáfíà. Lincoln kọ̀, ó ní bí òun bá dá àwọn tó jà fún ìṣọ̀kan padà sínú oko ẹrú, ìtìjú ayérayé ni yóò jẹ́ fún òun. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, Sherman, ọ̀gágun Àríwá, wọ Atlanta. Ìròyìn yẹn ló gbé Lincoln wọlé ní oṣù Kọkànlá. Sherman wá la Georgia já dé Savannah etíkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú sì fi oko sílẹ̀, wọ́n ń tọ ọmọ ogun rẹ̀ lẹ́yìn.

Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí Àtúnṣe Kẹtàlá ìwé òfin, èyí tó fòpin sí oko ẹrú, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1865. Richmond, olú-ìlú àwọn tó yapa, ṣubú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Lee jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní ọjọ́ 9. Wọ́n yìnbọn lu Lincoln ní ọjọ́ 14, ó sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, àwọn ẹrú ṣì ń roko ní Texas bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, títí ọ̀gágun Gordon Granger fi gúnlẹ̀ sí Galveston ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, tó sì ní kí wọ́n kà á sí etí gbogbo ènìyàn pé òmìnira ni gbogbo ẹrú. Ọdún méjì àbọ̀ lẹ́yìn ìkéde Lincoln ni. Ní Kentucky àti Delaware, ó di ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, nígbà tí iye ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí Àtúnṣe Kẹtàlá pé. Nǹkan bí 620,000 ọmọ ogun ni a máa ń kà pé ó kú nínú ogun náà, àwọn onímọ̀ kan sì ti gbé e dé 750,000.

Ní ti ọmọbìnrin wa àti ìtàn ìyá àgbà rẹ̀: ní oṣù Kìíní ọdún 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, gba Lọ́kọ́ja wọ Kàbà, àwọn ọmọ ogun Bídà tó dó síbẹ̀ sì ti kúrò kí wọ́n tó dé. Òwò àti àṣẹ ni ilé iṣẹ́ yẹn wá jà fún. Nítorí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọ́ ni wọ́n ṣe gbéra. Àmọ́ ọdún kan náà ni wọ́n kéde pé òfin kò mọ ẹrú mọ́ ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Sọ fún un pé kí ó bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn ará Bùnú fúnra wọn ṣe ní ọdún yẹn, àwọn wo ni wọ́n rìn padà wálé, ọ̀nà wo ni wọ́n sì gbà.

Olùkọ́ Ìtàn, Kàbà:

Mo ti sọ fún un, Bàbá. Ó ní òun máa lọ bá ìyá àgbà ní òpin ọ̀sẹ̀, òun yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó tóbi ni n kò ní, èyí tí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn lè rí Fort Monroe lórí rẹ̀.

Bàbá Ìsánlú:

Mo ní ọ̀kan láti ìgbà iṣẹ́. Etí rẹ̀ ti ya díẹ̀, ṣùgbọ́n Virginia ṣì mọ́ dáadáa lórí rẹ̀. Màá fi rán awakọ̀ sí Kàbà lọ́jọ́ Sátidé, kí o dúró dè é ní gáréèjì.